Gáòtù ti rọlẹ̀, àmọ́ oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ò yé dunni: kí ló kù níbẹ̀?

Òṣìṣẹ́ Ìlera Àkúrẹ́ · Ajé, 8:10 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ gáòtù (àrùn tó ń mú oríkèé wú) tó ń bá bàbá àgbẹ̀ kan jà, ọmọ ọdún 58, tó ń ṣe oko kòkó lójú ọ̀nà Oǹdó. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣàdédé wú lóru. Ó pọ́n, ó gbóná, kódà aṣọ ìbora kò ṣeé fi kàn án. Kẹ́mísì fún un ní oògùn ìrora diclofenac 50 mg, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì fi oògùn gáòtù allopurinol 300 mg tì í lọ́jọ́ náà gan-an, pé kó máa lo hóró kan lójoojúmọ́. Wọ́n ka hóró 28 fún un.

Wíwú yẹn lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Àmọ́ títí di òní, tó bá jí láàárọ̀, oríkèé náà á le. Tó bá lóṣòó láti la kòkó, ó ń dùn ún. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún wú díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti gbóná padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí, ọjọ́ kan sí méjì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Uric acid (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fa gáòtù) tí wọ́n yẹ̀ wò lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wú jẹ́ 348, láàbù sì kọ ọ́ pé kò sí wàhálà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn tó ń lò fún un ní hydrochlorothiazide (oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀) nínú. Kò ní ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn ará ilé rẹ̀ ti ń sọ pé ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ lóko. Ṣé gáòtù yìí ni kò tíì tán, àbí nǹkan mìíràn ló wà níbẹ̀?

Ọmọ Ekìmọ̀gún · Ajé, 8:47 àárọ̀

Allopurinol yẹn ni o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé ìgbà tí àwọn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ wọn ò jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́. Kó dá a dúró. Kó jìnnà sí ẹ̀wà, kó sì wá àgbo làkúrègbé tó dáa mu.

Apòògùn Alágbàka · Ajé, 9:30 àárọ̀

Ọmọ Ekìmọ̀gún, ẹ máà bínú, ìmọ̀ràn yẹn lè ba nǹkan jẹ́. Òótọ́ ni pé allopurinol lè jí gáòtù tó ti sùn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fà á.

Ẹ da iyọ̀ sínú omi. Á máa yọ́, á máa yọ́, títí yóò fi dé ibi tí omi ò lè gbà á mọ́, ìyókù á wá jókòó sísàlẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni uric acid ṣe ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá ti kọjá nǹkan bíi 6.8 mg/dL, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í di abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ nínú oríkèé, pàápàá níbi tí ara ti máa ń tutù. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló jìnnà sí àyà jù, ó tutù ju orúnkún lọ, òun ló sì ń gbé ara tá a bá ń rìn. Torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe sábà máa ń jẹ́ àkọ́kọ́. Òru sì ni ó wọ́pọ̀ pé kí ó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló ṣe máa ń jọ ohun tí ẹnì kan rán síni. Bàbá kò tẹ nǹkan kan.

Nígbà tí allopurinol bá fa uric acid inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ti wà nínú oríkèé láti ọdún pípẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Bó ṣe ń yọ́ ló ń já wẹ́wẹ́, ara á rí èyí tó já, á sì gbógun tì í. Ẹsẹ̀ á gbóná. Ẹni tó bá dá oògùn dúró níbẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á tún kóra jọ. Tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, á tún já. Lílò-dídá-lílò yẹn ló ń pa èèyàn lára jù.

Àṣìṣe tó wà nínú bí wọ́n ṣe fún bàbá yìí ní oògùn: 300 mg lẹ́ẹ̀kan náà ti pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. 100 mg lójúmọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀, 50 mg bí kíndìnrín bá ti rẹ̀ ẹ́. A ó fi 100 mg kún un ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á máa ṣáájú ìfikún kọ̀ọ̀kan, títí uric acid á fi wọlẹ̀ sábẹ́ 6 mg/dL. Àwọn kan dúró lórí 200, àwọn mìíràn nílò 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkejì, wọn kò fún un ní oògùn tí yóò máa ṣọ́ oríkèé náà ní àwọn oṣù àkọ́kọ́. Colchicine 0.5 mg, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ni dókítà sábà máa ń kọ mọ́ ọn. Bó bá ń ṣu gbuuru lórí colchicine, ó ti pọ̀ jù fún un nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ oògùn apakòkòrò clarithromycin fún un fún ikọ́, kó sọ pé òun wà lórí colchicine kí ó tó gbé e mì, torí àwọn méjèèjì kì í gbé pọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló lè mú kí ó dá allopurinol dúró láìdúró gba àṣẹ: bí ara bá sú, tàbí tí ẹnu bá bó, tàbí tí ojú bá pọ́n pẹ̀lú ibà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kó lọ sílé ìwòsàn. Oṣù méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, bíbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye tó pọ̀ sì ń dá kún un.

Ní ti àgbo làkúrègbé: àwọn kan tó ń tà á ń fi dexamethasone (oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù) lọ̀ mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ á fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, gbogbo ayé á máa yin àgbo. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ru, ṣúgà á gòkè, ojú á wú róbótó.

Aláyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ · Ajé, 11:05 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí 348 yẹn. µmol/L ni ìwọ̀n yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó di mg/dL, ẹ fi 59.5 pín in: ó jẹ́ nǹkan bíi 5.8. Òótọ́ ni pé nọ́ńbà náà kò ga, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ni kò dára. Tí gáòtù bá ń jó lọ́wọ́, uric acid inú ẹ̀jẹ̀ àwọn mìíràn máa ń já wálẹ̀, á dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán lẹ́yìn tí iná bá ti kú, kí ẹ tó tún un yẹ̀ wò. Kẹ́ ẹ sì máa wo ẹyọ ìwọ̀n tó wà lórí ìwé. Láàbù mìíràn ń kọ mg/dL, òmíràn µmol/L, àwọn kan ń kọ mmol/L, tí 0.42 á sì jẹ́ nǹkan bíi 7. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi 5.8 àti 348 wé ara wọn bíi pé ohun méjì ni wọ́n.

Ẹ yẹ creatinine (tó ń fi hàn bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́) wò pọ̀ mọ́ ọn, nítorí iye allopurinol, àti ṣúgà ẹ̀jẹ̀ láìjẹun. Ẹ tún bi í bóyá ó ń lo allopurinol náà lójoojúmọ́ lóòótọ́. Ẹ ka hóró tó kù.

Fisíò Òkè-Àró · Ajé, 1:20 ọ̀sán

Gbogbo ẹ ń sọ ti ẹ̀jẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nínú àlàyé yìí ni ìlóṣòó. Tí èèyàn bá lóṣòó, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ á tẹ̀ sókè dé ibi tó lè tẹ̀ dé. Oríkèé tí gáòtù ti bà jẹ́, tàbí tí ọjọ́ orí ti jẹ egungun rírọ̀ inú rẹ̀, kò lè tẹ̀ débẹ̀ mọ́. Ìrora tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti iná gáòtù.

Ọmọ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ fún ìrora, ẹ lò ó. Ẹ bi bàbá: ṣé ó ń jó ni, ṣé ó ń gún un ni, àbí ó ń ro ó? Èyí tó ń jó, tí kò fẹ́ kí ohunkóhun kàn án, tó ń dùn ún bó tilẹ̀ jókòó jẹ́jẹ́, ti gáòtù ni. Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tó bá fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ láti gbé ìṣísẹ̀ nìkan ló ń gún un, tí kò sí nígbà tó jókòó, ti egungun ni. Èyí tó ń ro tó bá di ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oko, oríkèé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sípò ló ń rẹ̀. Bákan náà ni líle òwúrọ̀: tó bá rìn díẹ̀ tó sì tú kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, ó jọ ti egungun. Tó bá gbà tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, iná ṣì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ kàn án. Kí ó jókòó, kí ẹ di egungun ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn àtàǹpàkò mú ṣinṣin, kí ẹ rọra fi ọwọ́ kejì gbé àtàǹpàkò náà sókè. Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì wé e. Ìrìn lásán ń fẹ́ kó gòkè tó nǹkan bíi dígírì 60, ìlóṣòó ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dúró lójijì lágbedeméjì bíi pé nǹkan dí i, tí kókó líle kan sì wà lórí oríkèé náà, egungun ló ti hù síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan, níbi tó fi ń tẹlẹ̀, ló ń dùn ún, ẹ fura sí àwọn egungun róbótó kékeré méjì tó wà lábẹ́ ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìka kejì tàbí ìkẹta ló ń dùn tí ẹ bá tẹ egungun ibẹ̀, ó lè jẹ́ pé egungun ti sán nítorí bó ṣe ń tiro.

Ẹ má gbàgbé ibà. Oríkèé tó gbóná pẹ̀lú ibà àti òtútù, tàbí tí egbò wà nítòsí rẹ̀, ẹ má fún un ní ìdánrawò kankan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù. Ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ yẹn kan náà, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi inú rẹ̀. Kòkòrò lè wọ oríkèé tí gáòtù wà, wọ́n sì jọra lójú.

Ọmọ Ekìmọ̀gún · Ajé, 2:02 ọ̀sán

Mo ti gbọ́ ti allopurinol, mo sì dúpẹ́. Àmọ́ ẹ̀wà ńkọ́? Gbogbo ilé ìwòsàn ló ń kọ̀ ọ́ fún èèyàn.

Apòògùn Alágbàka · Ajé, 2:40 ọ̀sán

Purine (ohun tí ara ń sọ di uric acid) wà nínú ẹ̀wà lóòótọ́, àmọ́ kì í dá gáòtù sílẹ̀ bí ẹran inú ṣe ń ṣe. Kó jẹ ẹ̀wà rẹ̀. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, edé àti sàdíìnì ni kó dín kù. Bíà ló burú jù nínú ọtí, ògógóró tẹ̀ lé e, ẹmu kò sì sí lára ohun tí mo lè fi dá a lára yá: ọtí wà nínú rẹ̀, ìwúkàrà wà nínú rẹ̀, ṣúgà náà wà níbẹ̀. Mínírà àti máàtì tó dùn ńkọ́? Ṣúgà inú wọn ń gbé uric acid ga láìsí ọtí rárá, èyí sì máa ń ya àwọn ará ìjọ lẹ́nu. Àwẹ̀ gbígbẹ tún wà: láti àárọ̀ dé alẹ́ láìmu omi, ẹni tó ní gáòtù lè fi ẹsẹ̀ wíwú ṣínu.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kì í sábà fa uric acid wálẹ̀ ju 1 mg/dL lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ṣe pàtàkì ju àwo ọbẹ̀ lọ. Hydrochlorothiazide ń dá uric acid padà sínú ẹ̀jẹ̀ láti kíndìnrín. Dókítà lè fi amlodipine tàbí losartan rọ́pò rẹ̀. Losartan tilẹ̀ ń lé uric acid díẹ̀ jáde. Kó má fọwọ́ ara rẹ̀ dá a dúró o, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ru gan-an. Kó má sì máa ra diclofenac fúnra rẹ̀. Diclofenac pẹ̀lú oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, kíndìnrín ni ó ń san owó rẹ̀. Bí wọ́n bá tún fi losartan kún méjèèjì, ó tún burú sí i.

Aránbàtà Ọjà Ọba · Ajé, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Bàtà kí ni bàbá ń wọ̀ lọ oko? Ó dájú pé bàtà òjò rọ́bà ni. Rọ́bà yẹn rọ̀ jù, ibi tí àtàǹpàkò ti ń ká ni òun náà ti ń ká. Sílípáàsì ilé ìwẹ̀ sì burú jù ú lọ.

Ẹ di gìgísẹ̀ bàtà mú lọ́wọ́ kan, ẹ fi ọwọ́ kejì ti orí rẹ̀ sókè. Bí ó bá ká sí méjì bíi ìwé, kò wúlò fún ẹsẹ̀ yìí. Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n: kí aránbàtà gé ìtẹ́lẹ̀ líle láti ara awọ gbígbẹ tó nípọn tàbí ike líle, bíi mìlímítà 2 sí 3, kó lọ láti gìgísẹ̀ títí dé ṣóńṣó orí ìka. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kùnà: wọ́n á gé e kó parí síbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀. Ìyẹn ti di ìdè ilẹ̀kùn síbi tó ń dunni gan-an, á wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ wà lórí rẹ̀, kí bàtà náà fi nọ́ńbà kan tóbi jù, torí ìtẹ́lẹ̀ á gba àyè. Sáńdà onítáyà tí a ń rán náà dára fún ilé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í ká.

Tó bá ń ra bàtà, ìrọ̀lẹ́ ni kó lọ, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú tán fún ọjọ́ náà. Kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ kan wà níwájú ìka tó gùn jù. Bí kókó bá wà lórí oríkèé, kó má wọ bàtà tí ojú ìránṣọ rẹ̀ gba orí ibẹ̀ kọjá.

Òṣìṣẹ́ Ìlera Àkúrẹ́ · Ẹtì, 7:50 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti padà lọ, mo sì ti rí nǹkan. Hóró 28 tí wọ́n fún un, 19 ló ṣì wà nílẹ̀. Ó ń lo allopurinol bí ẹni ń lo oògùn ìrora: tí ẹsẹ̀ bá dùn ún, á lo méjì tàbí mẹ́ta, tó bá dẹ̀, á gbé e sílẹ̀. Uric acid tuntun jẹ́ 512 µmol/L, creatinine dára, ṣúgà dára. Kò sí ibà, kò sí egbò.

Àtàǹpàkò ọ̀tún kò gòkè tó ìdajì ti òsì, ó ń dúró gbọn-in, kókó líle kékeré sì wà lókè rẹ̀. Líle òwúrọ̀ ń tú láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ó ní ó máa ń gún òun tí òun bá ń gun òkè, àmọ́ ọjọ́ méjèèjì tó gbóná padà, ńṣe ló ń jó.

Fisíò Òkè-Àró · Ẹtì, 8:31 alẹ́

Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Jíjó ọjọ́ méjèèjì, gáòtù. Gígún ojoojúmọ́, oríkèé tó ti ń di líle, ó sì lè ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú gáòtù. Kí wọ́n ya X-ray ẹsẹ̀ méjèèjì nígbà tó wà lórí ìdúró, kí a lè rí àyè tó kù láàárín egungun. X-ray tí kò fi ti gáòtù hàn kò túmọ̀ sí pé kò sí, ọdún mélòó kan ni ó ń gbà kí gáòtù tó jẹ egungun débi tí fọ́tò á fi hàn.

Ọjọ́ tó bá gbóná: kó sinmi, kó gbé ẹsẹ̀ sókè, kó fi aṣọ wé omi dídì kó gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kó tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi bálímù ata ra á, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á.

Ọjọ́ tí kò bá gbóná: kó fi ẹsẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó wá jókòó, kó gbé ẹsẹ̀ lé orúnkún kejì. Kó di egungun ẹ̀yìn mú, kó di ìdí àtàǹpàkò mú (kì í ṣe orí rẹ̀), kó rọra fà á síwájú bí ẹni ń fa ìdérí ìgò, kó kà dé mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà kó gbé e sókè-sódò díẹ̀díẹ̀, kó dúró níbi tí ìrora bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lálẹ́. Kó tún fi ìka ẹsẹ̀ kó aṣọ jọ lórí ilẹ̀. Tí ìrora tó tẹ̀ lé e bá ṣì wà títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kó dín in kù sí ìdajì. Ibi tó ti dúró gbọn-in yẹn, kó má fi agbára tì í. Egungun ló dí i, kì í ṣe iṣan, agbára kò lè ṣí i.

Kó sì jókòó lórí àpótí la kòkó. Ìyẹn ju gbogbo ìdánrawò mi lọ.

Apòògùn Alágbàka · Ẹtì, 9:14 alẹ́

512 jẹ́ nǹkan bíi 8.6 mg/dL. Ẹ̀ẹ̀mejì tó gbóná padà yẹn kò yà mí lẹ́nu mọ́ nígbà tí mo rí hóró 19. Allopurinol kì í pa ìrora. Ẹ sọ ọ́ fún un ní gbólóhùn tí yóò yé e: oògùn tó ń kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ ìkòkò ni, ojoojúmọ́ ni a ń lò ó, pàápàá ọjọ́ tí nǹkan kan kò dunni.

Kó mú ìwé àyẹ̀wò méjèèjì, hóró tó kù, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà, bíi ti ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ UNIMED (Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn) ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, èyí tó bá sún mọ́ ọn. Níwọ̀n bó ti ṣe ń lò ó ségesège, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ láti 100 mg pẹ̀lú colchicine. Èyí tó jẹ́ 300 mg nílé, kó má kán an sí mẹ́ta fúnra rẹ̀. Kí wọ́n tún uric acid yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Òṣìṣẹ́ Ìlera Àkúrẹ́ · Ẹtì, 9:40 alẹ́

Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó? Ó ń béèrè bóyá ó máa parí kí ìkórè kòkó tó dé.

Apòògùn Alágbàka · Ẹtì, 10:02 alẹ́

Kò ní parí kí ìkórè tó dé. Ìkọlù lè ṣì máa wá ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, wọn á máa jìnnà síra. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè gba ọdún kan sí méjì kó tó yọ́ tán bí uric acid bá dúró sábẹ́ 6 láìyẹsẹ̀, allopurinol fúnra rẹ̀ sì jẹ́ oògùn ọjọ́ pípẹ́, bíi ti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Bí bàbá kò bá mọ̀wé, ẹ má jẹ́ kí gbogbo oògùn wà nínú ọ̀rá dúdú kan. Ẹ so allopurinol mọ́ ibi tí pákò rẹ̀ wà, kó lè máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ẹ fi colchicine sínú ìgò pupa. Oògùn ìrora tí dókítà bá kọ, kí ìyàwó rẹ̀ máa bá a tọ́jú rẹ̀.